Kán-ún Nínú Ìkòkò Ìjẹ

Òórùn àgbàdo tí a rẹ sómi kì í yí padà. Mo ti gbé ilé mẹ́ta láyé mi. Mo ti fi igi dáná, mo ti fi kẹrosíìnì dáná, gáàsì ni àwọn ọmọ rà fún mi báyìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí ọmọrí ike tí mo rẹ àgbàdo ògì sí, tí òórùn kíkan yẹn bá gbá mi nímú, agbo ilé wa àtijọ́ ni mo máa ń rí. Màá rí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé, tí a máa ń sá nǹkan sí. Màá gbọ́ kùmọ̀ àwọn tó ń lu aṣọ àdìrẹ ní ojúlé kejì, gbì, gbì, gbì, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kanrí. Màá gbọ́ àwọn ọmọ kéwú tí wọ́n ń ka wàláà lábẹ́ igi ọdán, tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ń fi gbogbo ẹnu kà á sódì. Màá sì rí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, tó ń ṣa àgbàdo lórí atẹ, tó ń ju èyí tí kòkòrò ti jẹ fún àwọn adìyẹ.

Ní ilé wa, òwò aṣọ ni gbogbo ènìyàn ń ṣe. Ìyá mi ní ìsọ̀ ní ọjà Ìtòkú, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà ń gbé aṣọ káàkiri ọjà. Bàbá mi nìkan ló yan odò láàyò, bẹ́ẹ̀ wọn ò sì yé fi ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ. Wọ́n á ní, "Ẹ wo ọmọ oníṣòwò tó ń bá ẹja ná ọjà! Èló lẹja pè é lónìí?" Bàbá mi á rọra yọ egungun lẹ́nu, á ní, "Ẹja tí mo bá ná ọjà náà lẹ fi ń jẹ làfún yẹn o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má jẹ orí rẹ̀, tèmi ni." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Kì í bínú. Ohùn rẹ̀ kì í sókè láé, ó sì máa ń fọ ọwọ́ pẹ́ títí lẹ́yìn oúnjẹ, bí ẹni pé omi náà ń bá a sọ̀rọ̀.

Ìwọ̀ ni bàbá mi fi ń pẹja. Ohun tí apẹja ń fi há ẹnu ìwọ̀ láti tan ẹja ni à ń pè ní ìjẹ. Ekòló ni àwọn ẹlòmíì ń lò. Hóró ni tiwa: àgbàdo funfun gbígbẹ àti ọkà bàbà díẹ̀, sísè. Yóò kọ́kọ́ fọ́n ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sójú kan nínú odò kí ẹja lè pé jọ síbẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fi hóró méjì há ìwọ̀, tí yóò jù ú sáàárín wọn. Ìyá Àgbà ló ń se ìjẹ náà, kì í sì í fi ọwọ́ kékeré mú un. Ọjọ́ méjì gbáko ni hóró gbọ́dọ̀ wà nínú omi odò. Kì í ṣe omi ẹ̀rọ o, nítorí ó ní ẹja mọ omi ilé rẹ̀. Ìkòkò amọ̀ kékeré kan wà fún un tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi se nǹkan mìíràn. Kò sí iyọ̀, kò sí epo, ẹni tó bá fi ọṣẹ fọ aṣọ láàárọ̀ kò gbọ́dọ̀ ro ó. Iná jẹ́jẹ́ ni, títí èékánná á fi lè wọ inú hóró ṣùgbọ́n tí awọ rẹ̀ kò ní bẹ́. Bí inú kò bá rọ̀, ẹja kò ní gbé e. Bí awọ bá bẹ́, kò ní dúró lẹ́nu ìwọ̀. Ìyá Àgbà á ní, "Ẹja kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, òórùn ló ń gbọ́." Títí di òní, bí mo bá rí ẹni tó ń sáré iná nídìí ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń wá sí mi lẹ́nu, àwọn ọmọ mi á sì máa wo ojú ara wọn.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo jẹ́ ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án, òjò sì rọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Odò Ògùn kún, ó ń ru igi àti pàǹtí kọjá lábẹ́ afárá Láfẹ́ńwá. Bàbá mi wà lórí omi lọ́jọ́ kan nígbà tí ìtì igi kan kọlu ọkọ̀ rẹ̀, tí ọkọ̀ sì dojú dé. Ẹ̀ka igi kan ló dì mú títí àwọn èèyàn fi fà á jáde. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún wú, wọ́n sì gbé e wálé lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù. A fi omi gbígbóná jó o, a fi òrí pa á, ó san. Nígbà tó yá, ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ń bá ìyá mi ru ẹrù lọ sí Ìtòkú. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìgbà tó máa padà sódò, á ní omi kò tíì fà. Omi sì ti fà. Ọyẹ́ ti ń fẹ́, àpáta inú odò ti yọrí, àwọn apẹja yòókù ti ń kó ẹja wálé.

Nígbà náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí i láti Èkó pé àyè iṣẹ́ wà níbi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí, kí ó wá máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Àtẹ́lẹwọ́ ni Bàbá fi nu ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ lọ́jọ́ náà, ó ní, "Màá lọ sódò ní Sátidé. Bí odò bá dá mi lóhùn, mo dúró. Bí kò bá dá mi lóhùn, ọjọ́ Àtíní tó tẹ̀ lé e, Kútọ̀ ni mo ti máa wọ mọ́tò." Kò sí ẹni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹjú mọ́ àwo. Èmi mọ ohun tí Èkó jẹ́. Sìdí, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣeré, bàbá tirẹ̀ ti lọ síbẹ̀. Iléyá nìkan ló ń wálé, tòun ti búrẹ́dì, àbúrò Sìdí tó kéré jù a sì máa sá fún un sẹ́yìn ìyá wọn bí ẹni rí àlejò. Mo wo bàbá mi, mo ní nínú ara mi pé èmi kò ní sá fún un, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀?

Ọjọ́ Àlàrùba ọ̀sẹ̀ yẹn, ọjọ́ méjì ṣáájú Jímọ̀, ni Ìyá Àgbà pè mí. Ó ti wé gèlè ìrìn-àjò rẹ̀.

"Àjíkẹ́."

"Ẹ̀n, Ìyá Àgbà."

"Ọmọ àbúrò mi ti bímọ ní Kọ́bapẹ́, mo ní láti lọ kí wọn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa dé. Ìjẹ bàbá rẹ dọwọ́ rẹ. Rẹ ẹ́ kí oòrùn tó kanrí lónìí. Jímọ̀ láàárọ̀ ni kó o gbé e kaná. Kí lo máa fi wò ó?"

"Èékánná."

"Bó bá wọlé ńkọ́?"

"Màá sọ ọ́ kalẹ̀."

"Bí awọ rẹ̀ bá bẹ́?"

"Mo ti pẹ́ jù nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa mí lórí. "Ó dáa. Ìwọ lo máa fi odò lé bàbá rẹ lọ́wọ́." Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Mo ṣa àgbàdo náà dáadáa, kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo da ọkà bàbà sí i, mo gbé atẹ náà sábẹ́ ibùsùn Ìyá Àgbà kí adìyẹ má baà débẹ̀, kí n lè lọ bu omi odò látinú àmù ìta. Ẹnu ọ̀nà ni Sìdí ti pàdé mi. Ó ní àwọn ọmọ ojúlé kejì ń ta tẹ́ńtẹ́, wọ́n sì ní kò sí ẹni tó lè borí wọn ní àdúgbò wa. Mo ní mo ní iṣẹ́. Ó ní, "Àbí ìwọ náà ti di ìyá àgbà ni? Ṣé àgbàdo ní ẹsẹ̀ tó máa fi sá lọ?" Mo bá a lọ. A borí wọn. A padà lọ ní Àlàmísì láti tún borí wọn. Bí mo ṣe ń kọ èyí, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọ náà kò sí lórí mi mọ́.

Àárọ̀ Jímọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn láti wá ìgbálẹ̀, ni mo rí atẹ. Àgbàdo náà gbẹ kóró bí òkúta wẹẹrẹ. Mo dà á sínú ìkòkò, mo bu omi sí i, mo kó igi sí ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ń pe ìrun Jímọ̀, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, èékánná yẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ẹ̀wà. Ìyá mi, bí ẹ̀wà rẹ̀ bá le, tí àsìkò sì ti lọ, kán-ún ló máa ń jù sí i, kó o tó wẹ̀yìn, ó ti rọ̀. Mo ní ohun tó rọ ẹ̀wà, ṣé kò ní rọ àgbàdo ni? Mo bu kán-ún tó tó orí àtàǹpàkò, mo jù ú sínú ìkòkò.

Ó hó. Ìfófòó rú jáde, ó ń ṣàn sára ìkòkò, ó sì pa apá kan iná. Hóró tó funfun tẹ́lẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Nígbà tí mo tún fi èékánná wò ó, ó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ bá mi lọ́wọ́ jáde, inú rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Mo fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo pọ́n ọn sínú ewé gbòdògí, mo dì í kí ẹnikẹ́ni má baà rí inú rẹ̀. Mo wá fi ọmọrí dé ìkòkò bó ti wà, n kò fọ̀ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Àgbà dé láti Kọ́bapẹ́, tó rẹ̀ ẹ́, tí eruku ojú ọ̀nà wà lára gèlè rẹ̀. Ó bèèrè bí ó ṣe rọ̀ sí. Mo ní ó rọ̀. Ó ní èékánná wọlé? Mo ní ó wọlé. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo sọ, òun gan-an ló sì jẹ́ kí oorun kọ̀ láti kùn mí.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni bàbá mi gbé ọ̀pá tó ká okùn ìwọ̀ mọ́, ó gba ewé ìjẹ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè bí ẹni ń wọn wúrà. Ó ní, "Ìjẹ ọwọ́ Àjíkẹ́ nìyí! Ẹja á gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀ lónìí." Ẹnu rẹ̀ ń ṣàwàdà, ojú rẹ̀ kò bá a ṣe é. Títí ọ̀sán mi ò lè ta tẹ́ńtẹ́, mi ò lè jẹun. Lẹ́yìn ìrun alásárì ló wọlé. Apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Kò sí ìjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó fi okùn ìwọ̀ kọ́ orí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Odò kò dá mi lóhùn," ó sì wọ yàrá lọ. Ìyá mi fa àpótí aṣọ Bàbá jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Ìyá Àgbà dìde, ó lọ sídìí ìṣó yẹn. Ó ti ìka kan bọ àárín okùn tó wà ní kíká mọ́ ọ̀pá, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó yọ ọ́, ó fi àtàǹpàkò ra orí ìka náà. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá mi. Lẹ́yìn náà ó padà jókòó, ó ń tẹ tẹ̀sùbáà rẹ̀. Mo rò pé ó ń ṣọ̀fọ̀ ni.

Ọjọ́ kejì, láàárọ̀, ìró ìkòkò tí Ìyá Àgbà ń fọ̀ ni mo gbọ́ látinú ilé ìdáná, kí n tó gbọ́ orúkọ mi.

"Àjíkẹ́, wá wo nǹkan."

Hóró mẹ́ta ló wà lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, pípọ́n, yíyọ̀.

"Fi eyín kan ọ̀kan."

Mo fi kàn án. Ó korò díẹ̀, ó dà bí ẹ̀wà tó jóná.

"Ṣé ẹja ní eyín tó ń dùn ún ni, tó o fi se ẹ̀wà fún un?"

Omi ti ń jáde lójú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí atẹ abẹ́ ibùsùn dé orí kán-ún. Mo ń retí ìfọ́tí. Kò gbá mi. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nu ún mọ́ ìró, ó ní, "Lọ sọ ọ́ fún bàbá rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Àgbà, ẹ bá mi sọ ọ́."

"Ṣé ọwọ́ mi ló ju kán-ún? Lọ. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, sọ ìyẹn náà fún un. Má fi bò."

Orí àpáta ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a. Ó jókòó, ó kọjú sí ìsàlẹ̀ ìlú, níbi tí òrùlé páánù pípọ́n ti ń tẹ̀ lé ara wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí apá odò. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n èmi ni. Èmi ni mo ba ìjẹ jẹ́. Mi ò rẹ ẹ́. Kán-ún ni mo fi sè é. Ẹja kò kọ̀ yín o, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sí Èkó." Ó wò mí títí, bí ẹni ń wo ohun kan tó wà lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí."

"O sì wá."

"Ìyá Àgbà ló ní kí n wá."

Ó bú sẹ́rìn-ín lójijì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó nu omi náà. Ó ké sí ìyá mi nínú ilé pé, "Tú aṣọ yẹn kúrò nínú àpótí. Mi ò tíì lọ. Ọmọ rẹ ló se ẹ̀wà fún ẹja!" A gbọ́ tí ìyá mi gbá ọmọrí àpótí dé, gbàà.

Ọ̀tọ̀ ni ìjẹ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èmi ni mo rẹ ẹ́, ọjọ́ méjì gbáko, mo sì ń lọ wò ó ju bí mo ṣe ń lọ wo oúnjẹ tèmi lọ. Èmi ni mo jókòó ti iná náà, tí mo ń yọ igi tó bá fẹ́ jó jù. Nígbà tí èékánná wọlé tí awọ sì dúró, Ìyá Àgbà fi hóró kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó ní, "Bí ẹja kò bá fẹ́, èmi fẹ́." Ó wá sọ fún bàbá mi pé kí ó mú mi dání, kí n lọ fi ojú mi rí ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ mi ń lọ.

Omi náà mọ́, ó ń rọra ń kọjá láàárín àwọn àpáta. Mo fọ́n ìjẹ bó ṣe ní kí n fọ́n ọn. Bàbá mi wọ omi dé orúnkún, ó di etí ọkọ̀ tó yá mú, ó sì dúró. Ó dúró pẹ́. Oòrùn yọ lẹ́yìn àpáta, ẹyẹ kan bà lé imú ọkọ̀, ó fò lọ, òun ṣì dúró, ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo rò pé àdúà ló ń ṣe, èmi náà tẹ́ ọwọ́ mi. Nígbà tó yá, ó wẹ̀yìn wò mí lórí ilẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, ó gbé àjẹ̀. Epìyà mẹ́rin àti ọ̀bọ̀kún kan ló pa. Kò pọ̀. Ìyá mi fi se ọbẹ̀, a fi jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo fi kán-ún sí ọbẹ̀ náà. Àtíní mìíràn tún dé, ó kọjá. Kò sẹ́ni tó dé Kútọ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ẹlẹ́kán-ún ni wọ́n ń pè mí nílé. Wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ títí mo fi lọ ilé ọkọ. Mo gbà á, nítorí mo rò pé ó tọ́ sí mi.

Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà, Ìyá Àgbà ti kú, èmi náà ti bí ọmọ mẹ́rin, bàbá mi ti darúgbó, mo gbé ẹ̀wà lọ fún un nílé. Ó bù ú sẹ́nu, ó ní, "Ẹlẹ́kán-ún, ṣé ó wà níbẹ̀?" Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Eyín yín ni mo rò." Ó rẹ́rìn-ín, ó jẹun díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ìjẹ ọjọ́ yẹn kò ṣe ẹja kankan ní nǹkan. Mi ò jù ú sómi."

Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń sọ̀rọ̀.

"Mi ò wọ odò rárá lọ́jọ́ náà, Àjíkẹ́. Mo ti ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, mo rí ìtì igi yẹn tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí igi. Mo jókòó sábẹ́ iṣin títí ó fi di ìrọ̀lẹ́. Mo da ìjẹ náà sígbó láìtú ewé rẹ̀ wò, mo wá sílé."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ta ni n bá sọ fún? Apẹja tó ń bẹ̀rù omi? Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ìbá fi mí jẹ làfún." Ó tún mú ṣíbí, ó ń fi ro ẹ̀wà náà. "Ìwọ wá kúnlẹ̀ níwájú mi, o ní ẹ̀rù ń bà ọ́ ṣùgbọ́n ìwọ ni. Mo ní kí n kúkú fi ti kán-ún yẹn gbé ọ̀sẹ̀ kan sí i. Nígbà tá a wá jọ lọ, ìwọ ni mò ń wò lórí ilẹ̀."

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìka Ìyá Àgbà, bí ẹni pé ó wà níwájú mi. Okùn òwú tí a ká mọ́ ọ̀pá, bó bá wọ omi láàárọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbẹ, inú rẹ̀ kì í gbẹ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Ó ti ìka bọ inú rẹ̀ ní Sátidé yẹn, ó yọ ọ́ ní gbígbẹ. Ó ti mọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ kí ó tó mọ̀ nípa ìkòkò mi, kò sì bá ẹnikẹ́ni wí nínú àwa méjèèjì. Ó kàn rán ọ̀kan sí èkejì.

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi. Orí rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ó jẹ ẹ̀wà náà tán pátápátá, ó fi ìka yí etí àwo nu, ó nà án sí mi.

Ó ní, "Bu díẹ̀ sí i fún mi. Èyí rọ̀ bó ṣe yẹ."